Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Abúlé Wa

Nígbà tí kòrónà dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, tó dàgbà jù lábúlé wa nítòsí Ìjàyè, ní kí wọ́n ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé garawa omi àti ọṣẹ sábẹ́ rẹ̀. Àlejò ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo sọ fún wọn pé akọ̀ròyìn ni mí. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kí n ṣáà fọwọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé lẹ́yìn náà. Obìnrin nọ́ọ̀sì tó gbé e wá rí màrìwò, ó rò pé orò ni wọ́n ń ṣe, ló bá ní kí awakọ̀ ṣẹ́rí padà. Inú ará abúlé dùn. Wọ́n ní àwa aláwọ̀ dúdú ni òyìnbó fẹ́ fi dán oògùn wò. Ọkàn mi ò balẹ̀: àìsàn àyà ń ṣe Ìyá, bí wọn ò bá sì gbà á, kò sẹ́ni tí yóò gbà á. Mo pe nọ́ọ̀sì náà padà.

Ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, màrìwò yín ló lé wa lọ́jọ́sí. Ṣé òun náà ló máa lé àrùn?"

Ìyá wò ó. "Ìwọ náà ti di òyìnbó? Òyìnbó ti bàbá mi mọ́lé, wọ́n ní òun ló ń tan ilẹ̀ gbígbóná kálẹ̀."

Ṣànpọ̀nná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀.

"Bàbá mi ló ta màrìwò kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ahéré oko ni yóò máa gbé. Ẹni tó ti ṣe é rí, tó yè é, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ohun tí àwa náà ń sọ lórí rédíò nìyẹn."

"Bàbá mi ti sọ ọ́ kí rédíò tó dé."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó fọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ màrìwò wọlé. Ìyá ká apá bùbá wọn sókè. Gbẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àpá bupá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ilẹ̀ gbígbóná, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ló sín èyí. Ìjọba ló gún ìyẹn. Èmi rèé. Wá àyè fún tìrẹ láàárín wọn."

Àwọn tó ti búra pé àwọn ò ní gbà á tò sẹ́yìn Ìyá. Nígbà tí ẹnì kan fẹ́ tú màrìwò kí ọkọ̀ lè wọlé, Ìyá ní kó fi í sílẹ̀; kí àwọn elétò ìlera fẹsẹ̀ rìn wọlé.