Eruku Ẹsẹ̀ Mi

Lánàá, mo lọ ra kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì ní Ìkàrẹ́. Tòkunbọ̀ ni, òórùn káfúrà sì kún inú tìmùtìmù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, tí Màámi mú mi wá síbẹ̀ ra ti ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, tí a fi sílé ní Ọ̀kà. Màámi ní kí n jókòó dán an wò. Mo tẹ bọ́tìnì, ó kùn, mo rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ṣé ọmọ yìí ló máa lò ó?" ni ọlọ́jà béèrè.

Màámi wo ẹsẹ̀ mi títí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Mo rò pé eruku ló ń wò, mo bá fi ẹsẹ̀ pamọ́. Mi ò mọ̀ pé dọ́kítà ti sọ fún un pé àìsàn náà wà lára èmi náà.

Lánàá, ìyàwó mi ló gbé ẹsẹ̀ mi lé kẹ̀kẹ́ náà, ó sì rọra nu eruku ara wọn.