Wòsílátù àti Ológbò Inú Àjà

Nígbà tí àwọn tó ń la ọ̀nà ńlá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn dé Mowe ní ọdún 1976, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sára ilé tí wọn yóò wó. Wọ́n kun ilé Wòsílátù. Wọ́n dé ilé Ìbíwùnmí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wo okùn tí wọ́n ta láti fi wọn ọ̀nà, wọ́n rí i pé kò kàn án, wọ́n sì palẹ̀ ọ̀dà wọn mọ́.

Ilé tí wọ́n kùn yìí ni ọkọ Wòsílátù kú sí. Ibẹ̀ ló ti tọ́ Mùsáfírù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dàgbà, yàrá iwájú ibẹ̀ náà ló sì ti ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì. Ẹni tó bá rò pé yóò bú sẹ́kún nítorí ọ̀dà kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè ibi tí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wà, ó lọ wò ó, ó ní kò burú. Kí òjò tó dé, ilé ti dìde níbẹ̀, ó sì ti kó gbogbo ẹrù lọ. Ológbò nìkan ni kò gbà.

Àlejò ni orúkọ ológbò náà, nítorí fúnra rẹ̀ ló rìn wọlé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sì lọ mọ́. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Ìfọ̀ ni wọ́n ti gbé e wá nígbà tí èkúté fẹ́ fi àpò ìrẹsì ṣe ilé. Ó jẹ eku kan tó ti jẹ oògùn nílé onílé, ó sì kú. Wòsílátù sin ín sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sọ fún gbogbo ẹni tó rí ojú rẹ̀ tó pọ́n pé èéfín ló kó sí i, ó sì ní òun ò ní sin ológbò mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà ni Àlejò wọlé.

Orí àpò ẹ̀wà ni Àlejò máa ń sùn. Oníbàárà tó bá fẹ́ ra nínú àpò náà ní láti kí i dáadáa kó tó dìde. Láàárọ̀ kùtù, tí Wòsílátù bá ń ṣe àlùwàlá, á wá jókòó ti bútà, á máa wo omi bó ṣe ń ṣàn, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ ọ kí wọ́n má fo ibì kankan. Lọ́jọ́ kan, ó ki ẹnu bọ omi náà. Hàfísátù, ìyàwó Mùsáfírù, ní kí wọ́n dà á nù. Wòsílátù ní Áfà ti wàásù pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara ilé ni, ó sì fi omi náà wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Opó tó ń dá ta ọjà, tí ọjà rẹ̀ sì ń tà, tó tún wá ń bá ológbò sọ̀rọ̀, ẹnu ò lè ṣe kó má kùn ún. Ìbíwùnmí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tòún, ló sọ ọ́ síta jù. Ó ní obìnrin tó bá ń sin ológbò kì í sùn lóru. Wòsílátù gbọ́, ó sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri:

“Òótọ́ ni, Ìyá Tòún. Ìhanrun ọkọ rẹ kì í jẹ́ kí n sùn.”

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkọ Ìbíwùnmí pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni àwọn méjèèjì ti di ti ẹnu lásán.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kó ológbò kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, kó dì í sínú àpò, kó sì máa fi àpò náà pòyì kó lè gbàgbé ọ̀nà. Mùsáfírù pòyì títí òyì fi kọ́ òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlejò ti wà lórí ògiri ilé àtijọ́, ó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Wọ́n tún dì í, ó tún padà. Oyún ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Wòsílátù máa rí i lẹ́yìn náà, ikùn rẹ̀ ti fọn: ó ti bímọ sínú àjà ilé tí wọ́n fẹ́ wó.

Gbogbo ará Mowe ló mọ òfin ọmọ ológbò. A kì í yọjú wò wọ́n nígbà tí ojú wọn ò tíì là. Bí èèyàn bá wò wọ́n, ìyá á kó wọn sá lọ. Bí èèyàn bá wá fi ọwọ́ kàn wọ́n, ìyá á pa wọ́n jẹ. Bóyá ẹnì kan ti fojú ara rẹ̀ rí i, kò sẹ́ni tó lè sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ dán an wò. Wòsílátù fúnra rẹ̀ lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí ilé náà, ó sì ń gbé ẹja sílẹ̀ fún Àlejò láì gbójú sókè.

Nígbà tó yá, katapílà dé. Bádéjọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òkè-Àró, ló ń wà á. Wòsílátù dúró síwájú ẹ̀rọ náà títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ wá kí i. Wòsílátù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ológbò fún un. Bádéjọ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni.

“Mo ti wó ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá, mo ti wó bárékè ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ológbò rí.”

“Wọn ò ní ológbò ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn igi ọ̀pẹ kan wà lọ́nà Asese tó yẹ kí òun hú, òun á lọ hú wọn ná, àmọ́ tí òun bá padà dé nígbà ìrun alásàárì, kí ìyá má dá òun dúró mọ́, ọ̀gá òun á ti dé.

Mùsáfírù ní kí àwọn kó àwọn ọmọ náà sínú agbọ̀n kíá. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè bóyá òun Mùsáfírù ló máa fún wọn lọ́mú tí ìyá wọn bá kọ̀ wọ́n. Ó wá gbójú sókè wo àjà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé àkàbà wá.

“Ìyá, ẹ má wò wọ́n o,” ni Mùsáfírù wí. “Ó máa kó wọn sá lọ.”

“Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn. Di àkàbà mú.”

Ó gun òkè, ó ki orí bọ àjà. Lẹ́nu nìkan ló ti jọ iṣẹ́ kékeré. Bí Àlejò bá pa wọ́n jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Àlejò ń kùn sí i nínú òkùnkùn. Wòsílátù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá sọ ọ́ sókè, kí ọ̀rọ̀ má bàa rújú: “Mo ti rí wọn. Mẹ́rin ni. Mo ti rí gbogbo wọn.”

Wọ́n jìnnà sílé náà, wọ́n jókòó. Wòsílátù ti tẹ́ ògbólógbòó ìró kan sí ilé tuntun, ó sì gbé ẹja tì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àlejò tó yọ, ó gbé ọmọ kan dání lẹ́nu. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Kò yà sọ́nà ilé tuntun rárá. Ó fo ògiri, ó sì wọ ilé ìdáná Ìbíwùnmí lọ. Ó padà wá gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò jáde mọ́.

Wọ́n retí rẹ̀ títí. Ariwo katapílà ti ń bọ̀ láti apá Asese. Wòsílátù tún gun àkàbà, ó sì nawọ́ gbé èyí tó kù. Ó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì tutù. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó sì gbé e lọ sí ilé Ìbíwùnmí.

Ìbíwùnmí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀.

“Ìyá Mùsáfírù, ilé tìrẹ ni wọ́n ń wó, ilé tèmi lo ń kó ẹbí sí.”

“Mi ò rán an síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan èyí, Ìyá Tòún. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ á pa á jẹ. Jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀.”

Ìbíwùnmí wo ìborùn náà, ó wo ohun tó ń mira nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa igi ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè wà. “Rọra,” ló wí.

Wòsílátù gbé e ti àwọn mẹ́ta yòókù. Àlejò gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, àwọn obìnrin méjèèjì lóṣòó síbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Mùsáfírù máa ń sọ títí di òní pé ìborùn ló gba ọmọ náà là. Ìbíwùnmí ní rárá, ilé ìdáná òun ló tù ú lára. Ti Wòsílátù ni pé bóyá kò tiẹ̀ sí òfin kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn èèyàn kàn ń bẹ̀rù ni.

Ògiri àkọ́kọ́ wó lẹ́yìn wọn, eruku sì bo gbogbo àgbàlá. Ìbíwùnmí yíjú padà. Wòsílátù kò yíjú sí ilé tí wọ́n gbé e níyàwó wọ̀. Àlejò ti yọ ahọ́n, ó ti ń lá ọmọ náà lórí.