Ohùn Ọlọ́runṣọlá nínú Kọ̀ǹpútà

Emmanuella, ọmọ ọmọ mi, ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kábbà. Kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, Ọlọ́runṣọlá ọmọ mi tó ti dolóògbé, ló fi ń ṣiṣẹ́. Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà lórí rẹ̀: àṣẹ ni wọ́n ń tẹ̀ sí i, òun náà á fèsì. Kí Ọlọ́runṣọlá tó kú, ó ṣe ètò kékeré kan, ó fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Láràárọ̀ tí a bá tan ẹ̀rọ náà, ohùn ọmọ mi á ní, "Màmá, okun o," ìkíni àwa ará Kábbà, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi á dáhùn, torí a kì í jẹ́ kí okun ṣubú sílẹ̀ nílé wa. Emmanuella kì í dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kò gba ètò tuntun mọ́, ó ní inú òun ti kún. Emmanuella ní kó kó ohun tí kò wúlò dànù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Màmá, ètò bàbá mi wà lára ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ kó dànù. Ó ní kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Èmi tí mò ń dáhùn ńkọ́? Sọ fún un pé mo nílò rẹ̀."

"Màmá, ẹ̀rọ ni o."

"Ṣáà sọ fún un."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rántí pé àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ẹnì kan ṣì nílò èyí. Ẹ̀rọ náà fi ohùn ọmọ mi sílẹ̀, ó kó ìyókù dànù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ohùn náà kí wa. Emmanuella dáhùn kí n tó dáhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹ̀rọ náà.