Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ Tó Gún Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí ìyá ń fà lọ́wọ́ lọ sódò, odò wa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá láìbojúwò ó bí ẹ ti ń ṣe lónìí. A máa ń kí i, a sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa di àtẹ́lẹwọ́ òsì mi mú, wọn a ní, "Màmá Àgbà, kí ló ya yín lọ́wọ́ báyìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹja ni mí rí, pé ìwọ̀ ni wọ́n fi mú mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sídìí fóònù wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ rẹ̀, ẹ sún mọ́bí.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Àsíá tuntun ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Kàdúná lọ́hùn-ún ni àṣẹ ti ń wá, ẹ sì lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe máa gbọ́ wa tó bí a bá ní a fẹ́ afárá sórí odò kan nítòsí Òwu-Ìsin. Òkúta la fi ń gbẹsẹ̀ lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, oníkálùkù á dúró sí ìhà tirẹ̀.

Ọdún yẹn ni àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ti etí òkun dé. Ó ti bá wọn la igi gẹdú níbẹ̀, níbi tí odò ńlá ti ń ya wọ òkun, tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti ń dàpọ̀. Àwọn mìíràn á ti irú ibẹ̀ kó aṣọ àti kẹ̀kẹ́ wálé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tiẹ̀, pẹ̀lú okùn ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ò ní rí i bí oòrùn kò bá tàn sí i, àti kẹ̀kẹ́ kékeré kan nídìí ọ̀pá náà tó fi ń ká okùn. Kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ ní tiẹ̀. Ìyẹ́ àkùkọ pupa ló máa ń dì mọ́ ọn, á fi òjé díẹ̀ àti páànù tó ń dán kún un kó lè wúwo. Á jù ú sí ibi tí omi kékeré ti ń wọnú odò, á wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹja lè rò pé ọmọ ẹja kan ló ń sá lọ.

Ní ìlú tí a ti ń fi ìgèrè àti àwọ̀n pẹja, ẹ̀rín ni gbogbo èyí. Ìyá mi ló sì ń rín jù. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún wọn ni. "Ọkọ mi Oníyẹ̀ẹ́" ni ìyá mi sọ ọ́. Bó bá ti rí i tó ń bọ̀ láti odò, á ní, "Ọkọ mi Oníyẹ̀ẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé adìẹ wa ò níí ṣíhòòhò tán báyìí?" Bàbá Kékeré á kàn rẹ́rìn-ín. Ẹja kì í sábà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá pa á, ó máa ń tóbi.

Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò ní sùúrù ìdúró. Ó kọ́ mi débi pé ó ń gbé ọ̀pá náà fún mi. Okùn yẹn kò lágbára rárá, àfi kí a mọ bí a ṣe ń bá a gbé. "Bí ó bá fà, jẹ́ kó lọ," ni yóò máa sọ sí mi létí. "Bí ó bá sinmi, fà á bọ̀. Má jà á o." Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ti mọ ìṣirò lọ.

Wàyí o, ìyá mi. Irú ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí irú rẹ̀ dà bí tiẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Bí ó bá se hóró irú jinná, tó tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, odò ló ń gbé e lọ fún fífọ̀. Àpáta pẹlẹbẹ kan wà láàárín odò, níbi tí omi ti ń ṣàn gba ọ̀tún àti òsì, tí kò sí iyanrìn. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń fọ irú. Wọ́n sì ní ìgbàgbọ́ kan, pé irú tí a bá gbé kúrò lójú omi kó tó mọ́ tán, bí a tún padà fọ̀ ọ́ nígbà mélòó, yóò korò. Ìyá mi di ìgbàgbọ́ yìí mú bí ó ti di Bíbélì rẹ̀ mú.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ojú ọ̀run mọ́ lórí wa kedere. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n lókè odò lọ́hùn-ún, lójú àwọn òkè, ó ṣú bíi ìdí ìkòkò. Obìnrin kan wò ó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ o, omi yìí ti ń yí àwọ̀." Òótọ́ ni. Omi tó mọ́ láàárọ̀ ti ń pọ́n, ewé gbígbẹ sì ti ń gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé agbọ̀n wọn rù, wọ́n kọjá sétí odò. Ìyá mi wo agbọ̀n tirẹ̀, èèpo ṣì kún inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ó kù díẹ̀. Ẹ fẹ́ kó korò ni?" Ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ń yára fọ̀ ọ́. Èmi ń bá a da omi sí i.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bíi ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí kò dára. Mo gbójú sókè. Omi náà ga, ó pupa, ó ń ti igi àti koríko níwájú ara rẹ̀ bọ̀. Kí ìyá mi tó fa apá mi, àwọn òkúta tí a ti tẹ̀ débẹ̀ ti rì, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Àpáta wa nìkan ló kù. Ìsàlẹ̀ odò, kò jìnnà rárá, ibẹ̀ ni omi ti ń já bọ́ sáàárín àwọn àpáta ṣóńṣó, a sì ń gbọ́ ọ bó ti ń bú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ọkùnrin tó wà lóko ìtòsí sáré dé, ẹnì kan lọ tú okùn kànga ilé ìjọ wá. Wọ́n so òkúta mọ́ ọn, wọ́n jù ú. Ìdajì odò ló já sí, omi gbé e lọ. Wọ́n tún jù ú, ìdajì náà ni. Okùn tí ó lè gbé èèyàn wúwo ju ohun tí ọwọ́ lè jù lọ. Omi ti ń lá ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi tú ọ̀já ìgbànú rẹ̀, ó fi so èmi àti òun pọ̀.

Bí Bàbá Kékeré ṣe yọ nìyẹn, ó ń sáré láti ibi tó ti ń pẹja, ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo okùn kànga, ó wò wá, ó sì ju ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ohun pupa náà lókè tó ń bọ̀, mo rí i pé ó máa kọjá wa, mo fò, mo gbá a mú. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, ó jìn. Mo ké, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀.

Ó tú okùn fún wa, ó gé e lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ okùn kànga, ó pariwo, "Fà á bí mo ṣe kọ́ ọ!" Ìyá mi ti gbá ọ̀rá náà mú, ó fẹ́ já a bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo ní, "Màámi, rárá! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi!" N kò pàṣẹ fún ìyá mi rí. Ó fi í sílẹ̀. Bí omi bá gbé okùn ńlá náà, mo jẹ́ kí ọ̀rá yọ́ lọ láàárín ìka mi. Bí ó bá dẹ̀, mo fà á bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí agbọ̀n irú. Ìgbà tí orí okùn kànga kan àpáta, ìyá mi ṣubú lé e lórí.

Ó tú mi kúrò lára rẹ̀, ó so okùn náà mọ́ mi ní abẹ́ apá. Ó fi eyín gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu ìwọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rá yẹn ṣì so mọ́ okùn ńlá, ìdí rẹ̀ kejì ló dì mú, kí òun lè fi fa okùn náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí mo bá ti gúnlẹ̀. Ó ní, "Di ẹnu rẹ." Wọ́n sì fà mí. N kò lè sọ fún yín bí abẹ́ omi yẹn ṣe rí. Mo kàn mọ̀ pé mo bá ara mi lórí koríko, mo ń bi omi. Mo gbójú sókè, mo rí i tí gbòǹgbò igi kan ń bọ̀ láàárín odò. Ó kọ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó já a, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi dúró lórí àpáta, omi dé orúnkún rẹ̀, kò sí nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rá ṣì kù nídìí ọ̀pá Bàbá Kékeré. Ìwọ̀ ni kò sí mọ́. Àwọn òkúta abẹ́ omi ti kọ́ ìyókù já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, mú ọwọ́ rẹ wá." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀, ẹ mọ̀ pé ó ní ẹ̀gún tí kì í jẹ́ kó gba ibi tó wọlé jáde. Mo na ọwọ́ mi sí i, mo yí ojú mi sápá kejì. Ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹran. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń so ọ̀rá mọ́ ọn.

Ó jù ú, atẹ́gùn gbé e. Ó tún jù ú, ó já sí iwájú àpáta, ó sì fà á padà pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, gbogbo wa ń bẹ Ọlọ́run kó má kọ́ òkúta. Ó tún jù ú, ó kọ́ ìró ìyá mi. Ìyá mi mú un, Bàbá Kékeré sì tún so ìdí ọ̀rá mọ́ okùn kànga. Ṣùgbọ́n ìyá mi tí kò kọ́ bí a ṣe ń fa okùn yẹn rí, tó kàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, báwo ló ṣe máa fà á? Mo dìde, mo ké tí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya: "Màámi, ó ń fà, ẹ jẹ́ kó lọ! Ẹ jẹ́ kó lọ! Ó ti sinmi, ẹ fà á! Ẹ rọra!" Ojú mi ló ń wò, kò wo omi. Bí mo bá ṣí ọwọ́, ó ṣí ọwọ́. Bí mo bá pa á dé, ó pa á dé. Báyìí la ṣe fa okùn kànga dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi létí odò, òun láàárín omi.

Ó so ó mọ́ra. Ó wo agbọ̀n irú rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ tì mú láti ìgbà yẹn wá. Ó sún ẹsẹ̀ kúrò, omi gbé e. Lẹ́yìn náà ló fò. Ó rì, ó yọ, ó tún rì, ó pẹ́ nísàlẹ̀ kó tó yọ, àwọn ọkùnrin sì ń fà. Nígbà tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kò dìde. Ó rákò wá bá mi, ó gbé ọwọ́ òsì mi, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wá wo Bàbá Kékeré, ó ní, "Ọkọ mi Oníyẹ̀ẹ́." Kò lè parí rẹ̀. Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ẹ dákẹ́, ẹ sinmi."

Láti ọdún yẹn, irú tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò ìyá mi, ilé Bàbá Kékeré ló ń lọ. Kò yí orúkọ tó sọ ọ́ padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pè é, ẹ ó rò pé oríkì ló ń kì.

Ayé ti yí. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, Ìlọrin di olú ìlú, afárá sì dé níkẹyìn. Ọlọ́kadà ń gba orí rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé omi wà nísàlẹ̀. Ẹja inú yìnyín lẹ ń jẹ. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ irú lẹ́yìnkùlé, kò sì korò. Mo dúpẹ́ pé ọmọ kankan kò ní dúró lórí àpáta yẹn mọ́, ẹ má ṣe rò pé ìgbà àtijọ́ ni mo fẹ́ kó padà.

Ìyá mi dàgbà dáadáa. Ní ìgbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, etí rẹ̀ náà ti wúwo, kò lè fi ohùn mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí mo bá ti Ìgbàjà, ibi tí mò ń gbé, wá kí i, yóò kàn na ọwọ́. Màá gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì mi lé e lọ́wọ́, yóò fi àtàǹpàkò wá àpá yìí kiri. Bí ó bá ti rí i, á rẹ́rìn-ín, á ní, "O ti dé." Láti ìgbà tó ti lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wo àpá yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fi ọwọ́ wá a.