Ẹrẹ̀ Etí Omi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ará ilé wa ní Olódì-Àpápá gbà pé gbájúẹ̀ ni mí. Wọn ò jẹ̀bi. Kí lèèyàn fẹ́ pe ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń tẹ láptọ́ọ̀pù? Bí ilẹ̀ ṣe ń mì tìtì ni mo ń ṣe àfarawé rẹ̀ fún ìwé oyè dókítà mi ní yunifásítì. Màá kọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà alágbára kan lókè òkun, òun á ya àwòrán ilẹ̀ bí àpótí, á mì í, á sì fi bí ìgbì ṣe ń rìn nínú rẹ̀ hàn mí. Èmi àti bàbá mi nìkan la jọ ń gbé inú yàrá wa, wọ́n sì máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ bájì, ọkọ̀ omi akẹ́rù, ní Kirikírì kí n tó jí. Mo lè má gbọ́ ohùn ara mi títí wọ́n á fi dé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo pè wọ́n wá wo ohun tí mo rò pé èmi nìkan ló tíì rí i: ìgbì kékeré kan tó ń yọ lẹ́yìn ìgbì ńlá. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé nǹkan líle kan ló fara sin sísàlẹ̀ ilẹ̀.

Bàbá mi wò ó dáadáa. "Ògiri ló kọlù yẹn, tó fi ń padà bọ̀. Ní jẹ́tì wa tí bájì ń gúnlẹ̀ sí, tómi bá kọlu kọnkéré, á ta padà. Níbi ẹrẹ̀ ńkọ́? Á kú síbẹ̀ ni."

"Bàámi, sáyẹ́ǹsì lèyí, kì í ṣe bájì."

Wọn ò bínú. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde. Yorùbá ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò ní í rí i. Èmi tilẹ̀ ti kọjá igi, kọ̀ǹpútà òkè òkun ni mo gùn.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ mi fi dá ìwé náà padà: etí àpótí mi le jù, ìgbì ń kọlù ú, ó ń padà. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní tí mo bá tún un ṣe tán, màá sọ fún bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jọ ń jẹun, mi ò wí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣubú, wọn ò sì dìde mọ́.

Mo gba oyè náà. Yàrá kan náà ni mo ṣì wà, ará ilé ti ń pè mí ní Dókítà. Gbogbo àpótí tí mo bá yà báyìí, mo máa ń fi nǹkan rírọ̀ sí etí rẹ̀, tó ń gbé ìgbì mì. Ẹrẹ̀ ni mo sọ ọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ìgbì á rìn débẹ̀, á kú síbẹ̀. Màá wá ní, "Bàámi, ẹ̀yin lẹ jàre," bí ẹni pé wọ́n ṣì wà nídìí oúnjẹ.