Orí Ìyàwó Mi Nínú Hóró Wúrà

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kẹ́místrì ni mo ti ń ya àwòrán sí iwájú jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde. Ìyàwó mi kò ka kẹ́místrì rí, ṣùgbọ́n òun ni adájọ́ mi. Bí ó bá wo àwòrán tí kò sì lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òmíràn ni màá yà.

Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún kan tí ó ti kú nígbà tí ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ kan bẹ̀ mí pé kí n ya iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn hóró wúrà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, tí wọ́n ń ru oògùn lọ síbi tí àrùn wà nínú ara. Mo yà á tán, n kò lè fi í ránṣẹ́. Ta ni yóò bá mi wò ó?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Ìkìrun kí ó tẹ ẹyọ kan, kí n fi wo àwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni mo fún un ní fọ́tò ìyàwó mi fún kàlẹ́ńdà ìrántí. Atẹ̀wé rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ó gé orí ìyàwó mi kúrò nínú fọ́tò, ó fi í sínú hóró wúrà tó tóbi jù lọ nínú àwòrán mi, ó kọ “Sùn Re O” sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ ọgọ́rùn-ún.

Kí n tó padà débẹ̀, akọ̀wé ìjọ wa ní Iníṣà ti kó wọn, ó sì ti pín wọn. Níbi ìsìn ìrántí, wòlíì sọ fún ìjọ pé òun ti rí àwọn bọ́ọ̀lù wúrà yẹn lójú ìran kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n. Ìyá àgbà kan bi mí bóyá ọsàn ni. Òmíràn ní àkàrà ni, pé ìyàwó mi mọ àkàrà dín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú mi, mo ti ń ro bí màá ṣe tún un yà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù láti gba èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Mo ṣàlàyé pé àṣìṣe ni, pé èyí tó tọ́ ń bọ̀. Ó ní kí n jókòó ná.

“Àna wa, àṣìṣe wo? Ṣebí oògùn ló ń gbé lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i bó ṣe ń kánjú, bó ṣe máa ń ṣe?”

N kò tíì sọ̀rọ̀ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní àwòrán ni, kì í ṣe àlọ́.

Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Nígbà tí mo délé, mo fi èyí tí kò ní orí ìyàwó mi ránṣẹ́. Àwọn olóòtú jọ́nà gbà á. Wọ́n kàn béèrè ìdí tí hóró kan fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọgbọọgba ni gbogbo wọn nínú ìwádìí. Mo ní òun ló wà níwájú. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.