Ẹ̀ka Tèmi àti Ẹ̀ka Tìyàwó Mi

Ọdún kan wà tó jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni èmi àti ìyàwó mi máa ń lọ sí Erínjẹ. Kì í ṣe oko là ń lọ, kì í sì í ṣe òde ẹnikẹ́ni. Fóònù là ń lọ tẹ̀. Nínú ilé tí a gbà sí Òkìtìpupa nígbà náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Àmọ́ ní àgbàlá màmá mi ní Erínjẹ, òpó ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé aládùúgbò, gbogbo nǹkan sì máa ń yá níbẹ̀. A ó gun ọ̀kadà lọ láàárọ̀, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nítòsí ibi tí màmá ti ń fi èéfín yan pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, a ó sì máa wá yunifásítì.

Oyè kejì nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé la fẹ́ lọ kà lókè òkun, àwa méjèèjì. Kíláàsì kan náà la ti pàdé. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Ọmọ Èkìtì lòun, iṣẹ́ ọ́fíìsì tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ní yunifásítì ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a tó fẹ́ra la ti sọ ọ́ pé a ó jọ lọ, a ó sì jọ padà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo di tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun sì ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà kò kúrò lẹ́nu wa.

Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn abúlé etídò. Nígbà kan, ó bá ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, oògùn wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn aboyún kò wá. Ó dé ilé, kò lè jẹun.

Ó ní, "Kò lè jẹ́ àìmọ̀ nìkan. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò tí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì kò rí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Epo pupa ni ọ̀rọ̀ tèmi. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé ìgbà tí ẹyìn bá pọ̀ lóko ni owó epo máa ń já wálẹ̀, tí màmá mi á tà á bó ṣe rí, tí àwọn tó ní ibi ìpamọ́ á sì dúró de ìgbà tó máa gbówó lórí. Mo fẹ́ mọ ohun tó lè yí i padà. Báyìí la ṣe ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ wà lórí ìlera, tèmi wà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, a kò sì ronú pé ìyàtọ̀ yẹn lè ṣe wá ní nǹkan kan.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ohun tí à ń béèrè lórí fóònù kò ju yunifásítì tó dára jù fún ètò ọrọ̀ ajé lọ. Orúkọ kan náà ló ń jáde ní gbogbo ìgbà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ti ń sú mi. Ní Sátidé kan, ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Wo èyí. Wọ́n pín in sí ẹ̀ka-ẹ̀ka."

Òótọ́ ni. Wọ́n to àwọn tó dára jù lórí òwò láàárín orílẹ̀-èdè síbì kan, wọ́n to ti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ síbòmíràn, ti ìlera dá wà, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ náà dá wà. A rí i pé kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ń tò ó. Àwọn kan ń ka iye ìwé ìwádìí tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kọ lórí ẹ̀ka náà. Àwọn mìíràn ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà pé ta ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè pátápátá nínú èyí lè má sí nínú ìyẹn rárá. Ẹ wo bí inú wa ṣe dùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ilé kan kiri ìlú tí ẹnì kan wá sọ orúkọ àdúgbò fún un.

Ó ka tiẹ̀ sókè. Mo wá gbogbo wọn nínú tèmi títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Mo ka tèmi sókè. Ó ń wo tiẹ̀, ó ń mi orí. Ibi tí ìlera ti lágbára, wọn kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti lágbára wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, òkun wà láàárín wọn.

"Kí lẹ dákẹ́ sí?" Màmá béèrè láti ìdí iná. Èdè Ìkálẹ̀ ló máa ń sọ sí wa, ìyàwó mi sì ti kọ́ ọ débi pé òun náà fi ń dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Èkìtì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, à ń kàwé ni."

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùkọ́ tó kọ́ àwa méjèèjì ní yunifásítì, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ ní Òkìtìpupa ju ọ̀pọ̀ àwa ọmọ onílé lọ. Ó ka ohun tó wà lórí fóònù wa tán.

Ó ní, "Kò burú. Ó ń sọ ibi tí àwọn tó ń kọ̀wé púpọ̀ wà fún yín. Kò lè sọ ẹni tó máa ráyè fún yín. Iṣẹ́ ta lẹ máa ń kà tí ẹ kì í fẹ́ kó tán? Ẹ lọ wo ibi tí onítọ̀hún ti ń kọ́ni."

Ìyàwó mi ní, "Sà, tí ẹni tèmi bá wà nílùú kan, tí ẹni tiẹ̀ wà nílùú mìíràn ńkọ́?"

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ìyẹn kò sí nínú ohun tí mo lè kọ́ yín."

A wá ibi tó wà láàárín, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò ga púpọ̀ nínú ẹ̀ka kankan àmọ́ tí wọ́n ní díẹ̀ nínú méjèèjì. Ibẹ̀ la kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìwọlé sí. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù kọ sí ibi kan tó wà lọ́kàn òun nìkan. Àwọn ti àárín gbà wá, wọn ò fún wa ní sìkọ́láṣíìpù. Ibi tó wà lọ́kàn mi kò gbà mí. Ibi tó wà lọ́kàn rẹ̀ gbà á, wọ́n sì ní àwọn ó gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀. Òfin ìlú ọ̀hún kò sì gbà kí ẹni tó ń ka oyè kejì mú ọkọ dání.

Ó sọ fún mi ní ilé ìdáná. "Mi ò lọ."

"O máa lọ."

"A sọ pé a ó jọ lọ ni."

"Mo mọ ohun tí a sọ. Tí o bá dúró nítorí mi, lójoojúmọ́ ni màá máa rí àwọn aboyún yẹn lójú rẹ."

Ó sunkún díẹ̀, ó sì ń gé ilá lọ. Nígbà tí a sọ fún màmá, ó súre fún un, ó gbàdúrà gígùn, lẹ́yìn náà ló béèrè pé ta ló máa wá bá òun jẹun ní Sátidé.

Kò sí ohun tó ṣòro tó oṣù àkọ́kọ́. Mo ń ṣèèṣì fi ẹ̀bà tó tó èèyàn méjì sínú abọ́. Ó máa ń pè mí, á ní òtútù ibẹ̀ ń wọ inú eyín, á ní òun ti pàdé obìnrin olùkọ́ tí òun ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, pé ó ráyè fún òun. Inú mi ń dùn, mo sì ń ka oṣù tó kù. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, obìnrin náà ní kó dúró ka oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ òun. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin gbà kí n wá. Àmọ́ mo ti wọlé sí yunifásítì kan nílẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ epo pupa, mo sì ti ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Wá," ó ní.

"Jẹ́ kí n parí èyí ná."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀ka-ẹ̀ka yẹn hàn ọ́," ó ní. A rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín gidi.

Ó wálé lọ́dún yìí láti ṣe ìwádìí tiẹ̀ ní etídò. Ọjọ́ méjì péré la máa ń rí ara wa láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ti rù díẹ̀, ó ti ń yára sọ̀rọ̀. Ó máa ń dé láti ojú omi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á jókòó, á máa sọ ohun tí àwọn obìnrin sọ fún un, èmi á sì máa wò ó lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó tún padà sókè òkun. Mo sìn ín dé gáréèjì. Kò wẹ̀yìn, torí a ti jọ ṣàdéhùn pé kò ní wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Igbótako láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta epo. Ìyá kan tó mọ̀ wá wò mí.

"Ìyàwó rẹ dà?"

"Ó ti padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ rẹ̀, mà."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mo sọ oṣù tí a jọ ń fojú sọ́nà fún. Ó fa àpótí kan sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́.